Ṣé Ẹyẹ Náà Dé?

Ìdajì òru ti kọjá. Òdòdó ṣì pọ̀ lórí aṣọ
bí ẹni pé a kò tíì fọwọ́ kàn án.
Òtútù oṣù Ábánì ń yọ́ wọlé láti orí òkè Gáyẹ́nì.
Àárọ̀ la já wọn, kí oòrùn tó là wọ́n lójú;
bí ilẹ̀ bá mọ́ ká tó yọ okùn pupa inú wọn,
gbogbo rẹ̀ a rọ, a di ìdọ̀tí.
Okùn mẹ́ta nínú òdòdó kan. Mẹ́ta péré.
Bàbá ń yọ ọ́, Ìyá àgbà ń yọ ọ́,
èmi náà ń yọ ọ́, fóònù ń ka ìṣẹ́jú lórí itan mi
fún Mahrokh, àbúrò mi.

Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà lẹ́bàá abọ́.
Ìka rẹ̀ ti pọ́n ròrò, ojú ewé náà ti gba àwọ̀ lára rẹ̀.
Àyọkà kẹrin: ẹyẹ kan fi ilẹ̀ yìnyín sílẹ̀,
ó ń fò lójú òkun, ọjọ́ mẹ́jọ, òru mẹ́jọ,
kò bà, kò jẹ, kò mu.
“Ìṣẹ́jú mẹ́rin,” mo ní. “Ìbéèrè márùn-ún.”
Ètè rẹ̀ ń mì. Gẹ̀ẹ́sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́
bí ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko gbígbẹ.

Ó dúró.
“Wọ́n ní ‘ó’ tó wà ní ìlà keje, ta ni?
Ẹyẹ ni, àbí afẹ́fẹ́, àbí òkun, àbí òru?”
Bàbá rẹ́rìn-ín: “Ó ni ó. Kí ló tún kù?”

Lédè tiwa nílé, bí ìyá ni, bí bàbá ni,
ọ̀rọ̀ kékeré kan náà la fi ń pè wọ́n;
a kì í yẹ abẹ́ aṣọ ẹni wò ká tó sọ pé ó ti dé.
Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa béèrè
bí òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè:
ọkùnrin ni? Obìnrin ni? Nǹkan lásán ni?
Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ibi tí mo ti ń rò ó
ni agogo ti lù.

Mo mọ ohun tí àyọkà tèmi ń sọ. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.
Nípa ọkùnrin kan ni, tó ń tan iná fún ọkọ̀ ojú omi.
Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn: mo ń kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Wọn kì í kà á báyẹn. Ńṣe ni wọ́n ń jí i kà:
kọ́kọ́ wo ìbéèrè, sáré wọlé,
gbé ohun tí o wá gbé, kó o jáde.
Ìyókù, mo kàn fi oríire mú;
ìdáhùn mẹ́ta tó kùnà sì ń jẹ ọ̀kan tó yege,
títí kò fi ku nǹkan kan tí mo lè gbé lọ sí yunifásítì Máṣáàdì.

Torí náà, olè jíjà ni mò ń kọ́ Mahrokh.
“Má fẹ́ràn ẹyẹ náà,” mo ní. “Ó ku ìṣẹ́jú kan.”
Ó fa ìlà, ó fa ìlà, ó pa ìwé dé.
Mẹ́rin nínú márùn-ún! Bàbá pàtẹ́wọ́,
ewé òdòdó fò, ó bà sórí irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyá àgbà, tí a rò pé ó ti sùn,
gbé orí sókè, okùn kan láàárín ìka méjì:
“Ẹyẹ náà ńkọ́? Ṣé ó dé?”

Mahrokh tún ìwé ṣí. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.
Ojú òkun ni àyọkà parí sí, ní òru kẹjọ.
“Wọn ò bi wá ní ìyẹn, Ìyá.”
“Ta ni ‘wọn’?”

A kò rí ẹni dá a lóhùn.
Mo tún fóònù tẹ̀. Mahrokh ṣí ojú ewé tó kàn,
àyọkà karùn-ún, nípa eyín ẹja tàbí irú nǹkan bẹ́ẹ̀,
ṣùgbọ́n mo rí ìka rẹ̀ kan, tó pọ́n ròrò,
tó fi há ojú ewé tó kọjá
bí ẹni tó di ilẹ̀kùn mú kó má tíì pa dé,
nítorí ohun tó ṣì wà níta.